Ibi Tí A Ń Fi Ìbọn Sí Kí A Tó Wọlé: Ìtàn Òfin Kan ní Arizona

Ìtàn àwọn baba ńlá wa, ìtàn oyè, ìtàn ogun, àti ti ilé-ìwé tí a fi owó ara wa kọ́ ni a sábà máa ń kà nínú ìwé ọdọọdún Ẹgbẹ́ yìí. Lọ́dún yìí, ilẹ̀ òkèèrè ni mo fẹ́ mú yín lọ, nítorí pé àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń ṣe àpèjọ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń ṣe níhìn-ín. Wọn a gba gbọ̀ngàn ìlú, wọn a gba àyè nínú ọgbà ìgbafẹ́ ti ìjọba, wọn a pa àgọ́, wọn a pe onílù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni ó wà ní ilẹ̀ náà tí ènìyàn ti lè fi ìbọn sí ìbàdí wá sí òde, láìjẹ́ ọlọ́pàá, láìjẹ́ ọdẹ, tí òfin kò sì ní bi í ní ohunkóhun. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé ẹnu ọ̀nà, kí ni olóde lè sọ fún un? Bí olóde bá sì ní kí ó fi ìbọn náà sílẹ̀, níbo ni yóò fi í sí?

Ìbéèrè kékeré ni ó jọ lójú. Síbẹ̀, ó ti lé ní 140 ọdún tí wọ́n ti ń dáhùn rẹ̀ ní Arizona, ènìyàn sì ti kú lórí ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn náà. Mo yan Arizona nítorí pé níbẹ̀ ni ìtàn yìí ti hàn gbangba jùlọ. Ìlú kan kọ́kọ́ ṣe òfin, gbogbo agbègbè náà ṣe tirẹ̀ tẹ̀ lé e, ìpínlẹ̀ sì wá ṣe èyí tí ó wà lórí oyè lónìí. Bí a bá to àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé ẹrù tí ó wà lórí àlejò nígbà kan rí ti bọ́ sí orí olóde.

Arizona wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ó sì bá ilẹ̀ Mexico pààlà. Aṣálẹ̀ ni ó pọ̀ níbẹ̀. Ní 1863 ni ìjọba àpapọ̀ yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí agbègbè tí ó wà lábẹ́ àbójútó ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀. Kò tíì di ìpínlẹ̀, ààrẹ Amẹ́ríkà ni ó ń yan gómìnà fún un. Ní 1877, ọkùnrin kan tí a ń pè ní Ed Schieffelin rí fàdákà nínú àwọn òkè ibẹ̀, nígbà tí ó sì fi di 1879 ìlú kan ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Tombstone ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe òkúta orí ibojì. Awakùsà wá, oníṣòwò wá, ọlọ́tí wá, atatẹ́tẹ́ àti olè kò sì gbẹ́yìn. Àwọn darandaran láti ìgbèríko a máa wọ ìlú pẹ̀lú ìbọn àti òùngbẹ. Ẹni tí ó bá ti rí ọjà alẹ́ kan rí níbi tí ọtí àti ìbínú ti pàdé kò nílò kí n ṣe àlàyé síwájú sí i.

Ní oṣù kẹrin 1881, àwọn ìgbìmọ̀ ìlú náà ṣe òfin kan tí wọ́n fún ní nọ́ńbà kẹsàn-án. Òfin náà kò gùn. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohun ìjà olóró sí ọwọ́ tàbí sí ara nínú ìlú, àfi bí ó bá ní ìwé àṣẹ. Gbogbo oríṣi ìbọn ni ó kàn, ó sì kan àwọn ọ̀bẹ ńlá tí a fi ń jà. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin ìlú náà mọ̀ pé ẹni tí ó gun ẹṣin bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kò lè ju ìbọn rẹ̀ sínú igbó kí ó tó wọ ìlú. Nítorí náà ni wọ́n fi gbólóhùn kan kún un: ẹni tí ó ń wọlé tàbí tí ó ń jáde kò jẹ̀bi, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń lọ pẹ̀lú ọkàn rere, láàárín àkókò tí ó yẹ, láti fi ohun ìjà rẹ̀ sí ibi ìpamọ́, tàbí láti gbà á padà níbẹ̀.

Ẹ kíyèsí ọgbọ́n tí ó wà nínú gbólóhùn yìí. Òfin náà kò sọ ìbọn di ti ìjọba. Ó kàn ní kí ìbọn sinmi níbì kan, kí ẹni tí ó ni ín lọ ṣe ohun tí ó bá wá, kí ó sì padà wá mú un. Ilé ọtí, òtẹ́ẹ̀lì, àti ilé tí a ń so ẹṣin mọ́ ni àlejò ń fi ìbọn sí.

Kì í ṣe Tombstone nìkan ni ó ní irú èyí. Ní Kansas, níbi tí àwọn darandaran ti ń kó màlúù láti Texas wá sí ibùdókọ̀ ojú irin ní àwọn ọdún 1870, ìlú Wichita ní kí àlejò fi ìbọn rẹ̀ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí ó sì gba àmì kan, èyí tí yóò fi gbà á padà nígbà tí ó bá ń lọ. Dodge City, ní ìpínlẹ̀ kan náà, gbé pátákó sójú pópó tí ó sọ pé gbígbé ìbọn jẹ́ èèwọ̀ pátápátá. Àwòrán pátákó náà wà títí di òní. Ìpolówó ògùn ni wọ́n kọ mọ́ ìkìlọ̀ náà, ó sì jọ pé kò sí ohun tí ará Amẹ́ríkà kò lè fi polówó ọjà. Mo sọ èyí nítorí àwọn ọ̀dọ́ wa tí sinimá ti jẹ́ kí wọ́n gbà pé ní ìlú àwọn darandaran ìgbà náà, ìbọn ni olúkúlùkù fi ń ṣe ìgbánú láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ní ìgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìlú, ọ̀pọ̀ ibi ni òfin ti kọ̀ ọ́.

Nísisìyí, ẹ jẹ́ kí a wo bí òfin Tombstone ti ṣe nígbà tí ọjọ́ ìdánwò dé.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá 1881, ọkùnrin méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Ike Clanton àti Tom McLaury wọ ìlú. Ìjà ti wà láàárín ẹgbẹ́ wọn àti àwọn ọmọ ìyá kan tí a ń pè ní Earp tipẹ́. Virgil Earp ni ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú; Wyatt àti Morgan ni àwọn àbúrò rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ike ń rìn káàkiri ìlú pẹ̀lú ìbọn gígùn kan àti ìbọn ìléwọ́ kan, ó ń halẹ̀ mọ́ àwọn Earp. Virgil yọ sí i láti ẹ̀yìn, ó fi ìbọn gbá a lórí, ó gba àwọn ìbọn rẹ̀, ó sì mú un lọ sí iwájú adájọ́. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ dọ́là 25 pẹ̀lú owó ilé-ẹjọ́. Lẹ́yìn èyí ni Virgil kó àwọn ìbọn náà lọ sí Grand Hotel fún ìpamọ́, kí Ike lè gbà wọ́n nígbà tí ó bá ń kúrò ní ìlú. Tom McLaury náà ṣe ohun tí òfin wí. Andy Mehan, tí ó ni ilé ọtí kan, jẹ́rìí lẹ́yìn náà pé ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni Tom fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Títí dé ibi tí a dé yìí, òfin kẹsàn-án ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n Frank McLaury, ẹ̀gbọ́n Tom, àti Billy Clanton, àbúrò Ike, wọ ìlú ní ọ̀sán náà pẹ̀lú ìbọn wọn, wọn kò sì fi wọ́n sí ibi ìpamọ́. John Behan, ẹni tí í ṣe ṣẹ́rífù, lọ bá wọn láti gba ìbọn náà. Frank dá a lóhùn pé òun kò ní fi tòun sílẹ̀ àfi bí a bá gba ti àwọn Earp pẹ̀lú.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èsì yìí. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà kò mọ òfin; ẹni tí ó ń mú òfin ṣẹ ni kò gbẹ́kẹ̀ lé. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ó ní kí ó fi ìbọn sílẹ̀ gan-an ni ọ̀tá rẹ̀, ìbọn ọ̀tá náà sì wà ní ìbàdí rẹ̀ nítorí ipò tí ó dì mú. N kò sọ pé Frank McLaury jàre. Mo ń sọ pé òfin ìpamọ́ kò lè dúró lórí ibi ìpamọ́ nìkan; ó ń béèrè olùpamọ́ tí tọ̀tún tòsì gbà fún.

Virgil pe Wyatt àti Morgan, ó sì pe Doc Holliday mọ́ wọn, oníṣègùn eyín kan tí ó ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún tẹ́tẹ́. Ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n pàdé àwọn Clanton àti McLaury ní àyè tóóró kan lẹ́bàá òpópónà Fremont. Virgil pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè, nítorí ìbọn wọn ni òun wá gbà. Ìbọn dún. Ìjà náà kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá lọ, nǹkan bí ọgbọ̀n ọta ni wọ́n sì yìn. Frank, Tom àti Billy kú. Virgil, Morgan àti Holliday fara gbọgbẹ́. Ike sá lọ. Wyatt nìkan ni ọta kò kàn nínú àwọn tí ó dúró jà.

Ìjà tí gbogbo ayé mọ̀ sí ti O.K. Corral nìyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe inú ọgbà ẹṣin yẹn gan-an ni ó ti ṣẹlẹ̀. Sinimá tí wọ́n ti ṣe nípa rẹ̀ kò lóǹkà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn tí ń wò wọ́n ni ó mọ̀ pé òfin ìpamọ́ ìbọn ni ọlọ́pàá tọ́ka sí nígbà tí ó lọ bá àwọn ènìyàn náà. Ní ti Tom McLaury, wọn kò rí ìbọn lára òkú rẹ̀. Èyí tí ó fi pamọ́ ṣì wà ní ilé ọtí. Àwọn kan ní ó ní òmíràn lọ́wọ́ tí ẹnìkan yára gbé lọ. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí títí di òní, kò sì sí ẹni tí ó lè jí òkú dìde láti bi í. Adájọ́ Wells Spicer gbọ́ ẹjọ́ náà fún bí oṣù kan, ó sì dá àwọn Earp àti Holliday sílẹ̀ ní òpin oṣù kọkànlá. Síbẹ̀, ó bá Virgil wí pé kò bá ọgbọ́n mu bí ó ti pe Wyatt àti Holliday, àwọn tí ìjà ti wà láàárín wọn àti àwọn ènìyàn náà, láti bá a lọ gba ìbọn. Èrò tèmi ni pé adájọ́ náà fi ìka kan ojú egbò. Kí ọdún náà tó parí, àwọn kan ba sínú òkùnkùn yìnbọn lu Virgil, apá rẹ̀ kan sì di aláìwúlò. Ní oṣù kẹta 1882, wọ́n pa Morgan.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn òfin Tombstone, ní oṣù kẹta 1889, ilé aṣòfin agbègbè Arizona ṣe òfin kan tí ó kan gbogbo ilẹ̀ náà. Ó ka gbígbé ìbọn ìléwọ́ àti ọ̀bẹ ìjà léèwọ̀ ní ìlú ńlá àti ní abúlé. Ìtanràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 25 títí dé 100. Lẹ́yìn èyí ni ó dárúkọ àwọn ibi tí ọ̀ràn náà ti wúwo jù: ilé ìsìn, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ibi ìran wíwò, gbọ̀ngàn ijó, àpèjọ àríyá, àti ibi ìdìbò ní ọjọ́ ìdìbò. Ẹni tí ó bá gbé ohun ìjà wọ irú ibẹ̀ yóò san láti dọ́là 50 títí dé 500. Fún arìnrìn-àjò, òfin náà yọ̀ǹda ààbọ̀ wákàtí péré lẹ́yìn tí ó bá wọ ìlú, àti àkókò tí ó bá ń jáde lọ. Nígbà náà ni ó yí sí olóde. Ó ní kí gbogbo ẹni tí ó ni òtẹ́ẹ̀lì, ilé ọtí, tàbí ilé tí ń gba àlejò fún oúnjẹ àti ibùsùn, lẹ ìwé mọ́ ibi tí ojú gbogbo yóò ti rí i, tí yóò kìlọ̀ fún arìnrìn-àjò kí ó tú ohun ìjà kúrò lára.

Ẹ wo bí wọ́n ti pín ẹrù náà. Àlejò ni ó ru èyí tí ó pọ̀: òun ni yóò wá ibi tí yóò fi ìbọn sí, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, òun ni yóò sì san ìtanràn bí ó bá pẹ́. Iṣẹ́ tí a yàn fún olóde ni ìwé lílẹ̀. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ògiri ilé-ìwé mọ bí ìwé lílẹ̀ ti rọrùn tó, mo sì mọ iye àwọn tí ń kà á.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn ọdún tí ó wà láàárín. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 1912, Arizona di ìpínlẹ̀, òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì wí pé a kò gbọdọ̀ dín ẹ̀tọ́ ẹnikọ̀ọ̀kan kù láti gbé ohun ìjà fún ààbò ara rẹ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ náà. Ní 1994, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ láti gbé ìbọn sábẹ́ aṣọ. Ní 2009, Gómìnà Jan Brewer fọwọ́ sí òfin tí ó jẹ́ kí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ náà lè gbé ìbọn wọ ilé oúnjẹ tí ó ń ta ọtí, bí òun fúnra rẹ̀ kò bá ní mu ún, tí onílé kò sì lẹ ìwé pé òun kò fẹ́. Ní 2010, gómìnà kan náà fọwọ́ sí òfin mìíràn, èyí tí ó sọ pé ìwé àṣẹ kò pọn dandan mọ́. Láti ìgbà náà, àgbàlagbà tí ó ti pé ọdún 21, tí òfin kò sì dè lọ́nà mìíràn, lè fi aṣọ bo ìbọn mọ́ra láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nínú ìwé òfin ọ̀ràn ìpínlẹ̀ yìí ni abala kan wà tí kò sọ̀rọ̀ nípa ohun mìíràn ju ìpamọ́ ohun ìjà lọ. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 13-3102.01. Ó ní bí alábòójútó ilé ìjọba, tàbí olùṣètò àpèjọ gbogbogbòò, bá sọ fún ẹni tí ó gbé ohun ìjà olóró pé kí ó fi í sílẹ̀, òun náà gbọ́dọ̀ pèsè ibi ìpamọ́ tí ó ní ààbò fún ìgbà díẹ̀. Ibẹ̀ gbọ́dọ̀ rọrùn láti dé nígbà tí ènìyàn bá ń wọlé, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ lè gba ohun ìjà rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ó bá ń jáde. Bí wọ́n bá ti bá a sọ ọ́ ní ọ̀nà tí ó tọ́, tí ó kọ̀, tí ó sì wọlé pẹ̀lú ohun ìjà, ó ti dá ọ̀ràn. Bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ nípa ìpamọ́ náà, a kò lè dá olùpamọ́ lẹ́bi àfi bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ṣe ìpalára, tàbí bí àìbìkítà rẹ̀ bá burú jáì.

Bí ó ti yí padà nìyí. Ní 1889, àlejò ni ó ń wá ibi ìpamọ́. Nínú òfin ti òní, olóde ni ó ní láti ti pèsè rẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Gẹ́gẹ́ bí mo ti ka òfin náà, bí kò bá sí ibi ìpamọ́, ọ̀rọ̀ olóde kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Mo gbà pé òdodo kan wà nínú èyí: ẹni tí a ní kí ó fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ yẹ kí ó mọ ẹni tí ó gbà á àti ibi tí yóò ti rí i. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé òfin náà sọ ìfẹ́ àlàáfíà di ohun tí a ń fi owó rà. Ilé-ẹjọ́ ńlá lè ra àpótí onírin alágádágodo ogún, kí ó sì fi òṣìṣẹ́ tì í. Ilé ìkówèésí kékeré ní ìgbèríko ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ń gbé ibẹ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú òfin náà, àpèjọ gbogbogbòò ni àpèjọ tí ó ní orúkọ tàbí olùṣètò, tí ó wà fún ìgbà díẹ̀, tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe, tàbí tí ẹgbẹ́ aládàáni ṣe pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí ó gbà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ó gba ìwé àṣẹ láti lo ọgbà ìlú fún ọjọ́ ìlú wa wà nínú èyí. Bí àwọn ènìyàn bá kàn kó ara wọn jọ sí ìta gbangba láìní olùṣètò, kò sí nínú rẹ̀. Ibi tí ó ní ìwé àṣẹ ọtí títà kò sí lábẹ́ abala ìpamọ́ yìí pẹ̀lú. Òfin ọtí ni ó ń darí rẹ̀, ó sì ní ìlànà tirẹ̀. Gbọ̀ngàn àdáni, ilé ẹni, tàbí ilé ìsìn lè kọ ìbọn láìpèsè àpótí, nítorí pé onílé ni ó ni ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ti ìbọn mọ́ inú ọkọ̀ rẹ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, níbi tí ojú kò ti lè rí i láti ìta, òfin 2009 mìíràn kò jẹ́ kí onílé sọ pé rárá, àfi ní àwọn ibi díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà yanjú rẹ̀, nítorí ọkọ̀ ẹni ni àpótí tí kò ná ẹgbẹ́ lówó. Ọgbà ilé-ìwé àti ibi ìdìbò ní ọjọ́ ìdìbò ní èèwọ̀ tiwọn tí ó dá dúró, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní 1889.

Àwọn aṣòfin kan fẹ́ kí ẹrù olóde tún wúwo ju èyí lọ. Ní 2012, wọ́n gbé àbá kan dé iwájú Gómìnà Brewer, pé kí ilé ìjọba má lè dá oníbọn dúró mọ́ àfi bí ó bá ní ẹ̀ṣọ́ oníbọn àti ẹ̀rọ tí ń ṣe àwárí irin ní ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà, tí ó ti fọwọ́ sí ti 2009 àti ti 2010, kọ̀ láti fọwọ́ sí èyí. Kansas ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2013: ilé ìjọba tí kò bá fẹ́ ìbọn abẹ́ aṣọ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ sí ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà wọlé, ó sì lè pèsè àpótí ìpamọ́ síbẹ̀. Ẹ rántí pé Kansas yìí kan náà ni ó ni Wichita tí àlejò ti ń gba àmì ìbọn rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ìpínlẹ̀ Washington gba ọ̀nà tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù: ìbọn kò gbọdọ̀ wọ ilé-ẹjọ́, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ pèsè àpótí alágádágodo, kí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé ẹni tí ó ni ìbọn lọ́wọ́, tàbí kí ó yan òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa gbà á pamọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ mi, n kò nílò láti gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀tá mi. Ohun tí Frank McLaury kò rí gbà ní 1881 nìyẹn.

Ìyípadà kejì wà tí ó jinlẹ̀ ju ti àpótí lọ. Ìlú Tombstone fúnra rẹ̀ ni ó jókòó tí ó ṣe òfin kẹsàn-án. Lónìí, òfin ìpínlẹ̀ Arizona kò jẹ́ kí ìlú tàbí ìjọba ìbílẹ̀ kankan ṣe òfin ìbọn tí ó le ju ti ìpínlẹ̀ lọ. Ìlú Tucson rí èyí kedere. Láti 2005 ni ìlú náà ti ní òfin pé kí a ba ìbọn tí ó bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá jẹ́. Ìpínlẹ̀ ní títà ni kí wọ́n tà á. Ní 2017, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Arizona dájọ́ pé òfin Tucson kò lè dúró níwájú ti ìpínlẹ̀. Nítorí náà, bí ìgbìmọ̀ Tombstone ti òde òní bá fẹ́ tún òfin baba wọn ṣe, ọwọ́ wọn kò tó o mọ́. Àwa tí a ti rí bí àṣẹ ti ń kúrò lọ́wọ́ ìlú bọ́ sí ọwọ́ ìjọba tí ó jìnnà yóò yé ohun tí mo ń wí.

Ẹni kan lè bi mí pé kí ni òfin àtijọ́ kan bá wá ṣe lónìí. Ìdáhùn rẹ̀ wà ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà. Ní 2008, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ilẹ̀ náà sọ nínú ẹjọ́ Heller pé ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn jẹ́ ti ẹnikọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n pé ìdájọ́ náà kò fi ọwọ́ kan òfin tí ó kọ ìbọn ní ibi ẹlẹgẹ́ bí ilé-ìwé àti ilé ìjọba. Ní 2022, nínú ẹjọ́ Bruen, ilé-ẹjọ́ kan náà wí pé òfin ìbọn gbọ́dọ̀ bá ìtàn àti àṣà àwọn baba ńlá ilẹ̀ náà mu. Láti ọjọ́ náà ni àwọn lọ́yà ti ń tú ìwé òfin àtijọ́ bí ẹni ń wá àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ìdílé. Òfin Arizona ti 1889 wà nínú àwọn tí wọ́n gbé wá síwájú àwọn adájọ́. Adájọ́ Clarence Thomas, ẹni tí ó kọ ìdájọ́ náà, kò kà á sí nǹkan púpọ̀. Ó ní ní ìkànìyàn 1890, nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 62 ènìyàn tí ó wà ní Amẹ́ríkà, àwọn agbègbè ìwọ̀-oòrùn tí ó ní irú òfin bẹ́ẹ̀ kò ní ju nǹkan bí 420,000 lọ, èyí tí kò tó ẹnìkan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó sì ní òfin agbègbè tí kò tíì di ìpínlẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó kọjá lọ.

Mo bọ̀wọ̀ fún ilé-ẹjọ́, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìtàn, n kò lè gba ìwọ̀n yìí gbọ́ tán. A kì í fi iye orí nìkan wọn ẹ̀rí. Àwọn ènìyàn díẹ̀ yìí ni ó gbé níbi tí ìbọn pọ̀ tí ọlọ́pàá kò pọ̀, òfin wọn sì jáde láti inú ohun tí ojú wọn rí. Ní ọwọ́ kejì, ẹ̀rí náà kò sọ pé òfin wọn mú àlàáfíà wá. Ẹ ti ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà Fremont.

Ẹ̀ka Ẹgbẹ́ wa tí ó bá fẹ́ lo ọgbà ìjọba ní Arizona gbọ́dọ̀ pinnu kí wọ́n tó tẹ ìwé ìpè: ṣé wọn yóò kọ ìbọn ní ẹnu ọ̀nà, tàbí wọn yóò dákẹ́. Bí wọn yóò bá kọ̀ ọ́, kí wọ́n bi lọ́yà ìpínlẹ̀ náà léèrè, kí wọ́n yan ẹni méjì tí ó níwà pẹ̀lẹ́, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ jà, láti dúró ti àpótí. Kí akápò sì kọ iye owó àpótí náà sílẹ̀ pẹ̀lú owó àgọ́ àti ti onílù.